Dídáàbò Bo Fáànù Ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ Eruku Tí Ń Jẹ Irin: Àlàyé fún Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-ọwọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí eruku ṣe ń jẹ fáànù ńlá inú ilé-iṣẹ́, ìdí tí ó fi ń jẹ ẹ́, àti ohun tí a lè ṣe sí i. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ni a ti mú àpẹẹrẹ jù. A sì fi ti ẹ̀rọ tí a fi ń lọ oúnjẹ adìyẹ kún un, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Èrò wa ni pé ibi tí a gbé fáànù sí àti eré tí ó ń sá ni ó ń pinnu bí yóò ti pẹ́ tó, kí a tó máa sọ̀rọ̀ irin líle tí a fi wọ̀ ọ́. Apá ìkẹyìn sọ bí olùkọ́ ṣe lè fi àdá, ìgò àti kẹ̀kẹ́ ológeere kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ìfáárà

Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960; ti Ṣágámù tẹ̀lé e ní 1978. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba ọ̀nà Abẹ́òkúta kọjá ti rí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lókèèrè: ilé gíga, òpó èéfín, ọkọ̀ ẹrù tí ó tò lọ bẹẹrẹ. Ohun tí wọn kì í rí ni àwọn fáànù tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ga ju ènìyàn lọ. Òmíràn ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde láti inú iléru tí a ti ń sun òkúta ẹfun pẹ̀lú amọ̀ títí ooru wọn fi dé nǹkan bí 1,450 dígírì Celsius; òmíràn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sórí òkúta tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun; òmíràn ń fa eruku kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìlọta.

Bí ọ̀kan nínú àwọn fáànù ńlá wọ̀nyí bá dúró, iléru kò ní afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó, iṣẹ́ gbogbo dúró nìyẹn. Wọn kò sì lè tún un dá lójijì, nítorí pé bíríkì inú rẹ̀ a máa là bí a bá yára mú un gbóná. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbóná rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí. Fáànù tí eruku ti jẹ títí tí bíléèdì rẹ̀ fi já nígbà tí ó ń yí, ohun ìjà ni. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àkókò náà lè má rójú sọ ìtàn rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ tí yóò di olùkọ́ lọ́la mọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó sì lè sọ ọ́ ní èdè tí ọmọ ilé-ìwé yóò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

A ó máa pè é ní fáànù, a kò ní pè é ní abẹ̀bẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu gbogbo oníṣẹ́, abẹ̀bẹ̀ sì ń mú ọkàn lọ sí ohun ọwọ́. Bíléèdì ni a ó pe àwọn apá tí ó ń gbá afẹ́fẹ́. Àwo ẹ̀yìn ni a ó pe irin pẹrẹsẹ tí a jó bíléèdì mọ́. Ṣáàfù àti béárìnì kò nílò àlàyé lọ́dọ̀ ẹni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Yorùbá a máa lo "jẹ" fún ohun méjì: ìpẹtà ń jẹ irin, eruku náà ń jẹ irin. Ohun kan náà kọ́ ni wọ́n. Ìpẹtà ń ti inú ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ wá, ó ń sọ irin di nǹkan mìíràn tí ó pọ́n, tí ó ń ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Eruku kò sọ irin di nǹkan kan. Ó kàn ń gé e lọ ni, ní hóró-hóró tí ojú kò lè rí. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ á rí hánnuhànnu, á sì dúdú tàbí kí ó pọ́n. Ibi tí eruku ti jẹ á máa dán gbinrin bí ojú àdá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, nígbà mìíràn á sì ní ilà wẹ́wẹ́ bí ìgbì omi lórí yanrìn. Ẹni tí ó bá lè fi ojú ya méjèèjì sọ́tọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá kan, nítorí pé ọ̀dà tí ó ń dá ìpẹtà dúró kò lè dá eruku dúró fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bí eruku ṣe ń gé irin

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti béèrè ni pé, ta ni ó le jù nínú eruku àti irin? Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10. Ohun tí ó bá ga jù lórí rẹ̀ ni ó lè họ èyí tí ó kéré sí i lára. Òkúta ẹfun wà ní 3. Irin tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ fáànù wà láàárín 4 sí 5. Òkúta kuáàsì, tí ó pọ̀ jù nínú yanrìn wa, wà ní 7. Nítorí náà eruku ẹfun nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe irin ní nǹkan. Yanrìn tí ó dà pọ̀ mọ́ ọn láti inú ilẹ̀ ni ọ̀tá. Òkúta sìmẹ́ǹtì tí a ti sun, tí a kò tíì lọ̀ kúnná, burú ní tirẹ̀: ó le, ó sì mú ní ẹnu. Ìdí nìyí tí fáànù tí ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ibi tí a ti ń tu òkúta sísun lára fi tètè ń bàjẹ́ ju èyí tí ó ń fa eruku ẹfun lọ, bí eruku méjèèjì tilẹ̀ pọ̀ bákan náà.

Ohun kejì ni bí eruku ṣe bá irin. Ní 1960, ọdún kan náà tí Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Iain Finnie tẹ àlàyé kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Wear. Ó ní hóró yanrìn tí ó bá irin rírọ̀ ń ṣe bí irinṣẹ́ tí ń gé nǹkan: ó wọlé díẹ̀, ó sì fà á lọ. Bí ó bá wá ní ìdagẹ̀rẹ̀, ní igun bí 20 sí 30 dígírì, ni ó ń gé e jù. Bí ó bá wá lóòró gangan, kò ní àyè láti fà á lọ. Á kàn lù ú ni. Àgbẹ̀ kò ní kí Finnie tó sọ ọ́ kí ó tó mọ èyí. Ẹni tí ó bá ń pọ́n àdá a máa dá a dùbúlẹ̀ díẹ̀ lórí òkúta. Kò sí ẹni tí ń gbé àdá lóòró kí ó máa fi gún òkúta pé òun ń pọ́n ọn.

Ohun tí ó le, tí kì í sì í tẹ̀, yàtọ̀ sí èyí. Ìgò, àwo tánganran àti irú òkúta tí a fi ń ṣe ìbora fáànù kì í gbà kí eruku tí ó wá ní ìdagẹ̀rẹ̀ gé wọn, ṣùgbọ́n èyí tí ó wá lóòró a máa là wọ́n wẹ́wẹ́. Rọ́bà náà ní ìwà tirẹ̀: á tẹ̀, á sì ta yanrìn náà padà. Nítorí náà, kò sí ìbora kan tí ó dára níbi gbogbo. Ó di dandan kí a kọ́kọ́ mọ igun tí eruku fi ń bá ojú irin kí a tó yan ohun tí a ó fi bò ó. Ẹni tí kò mọ èyí lè ra ìbora olówó gọbọi, kí ó sì gbé e sí ibi tí ó ti máa fọ́ jù.

Ohun kẹta ni eré sísá. Kí a mú fáànù kan tí ó fẹ̀ tó mítà 2 láti etí dé etí, tí ó sì ń yí ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Etí bíléèdì rẹ̀ ń sá ní nǹkan bí mítà 105 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó jẹ́ kìlómítà 377 ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ tí ó ń sá bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, bí ó ti wù kí awakọ̀ náà ya wèrè tó. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, jíjẹ irin kì í di ìlọ́po méjì. Ó sábà máa ń di ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́jọ, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí eruku ti ń jẹ fáànù

Afẹ́fẹ́ lè yí igun kíákíá. Eruku wúwo jù ú lọ, kò lè bá a yí. Nínú irú fáànù tí ó wọ́pọ̀ ní ilé-iṣẹ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti àárín, ó ń dojú kọ àwo ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ni ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ gba àárín àwọn bíléèdì jáde. Eruku tí ó wúwo kò yí. Ó ń lọ tààrà títí yóò fi bá àwo ẹ̀yìn, á sì kó ara jọ sí ibi tí bíléèdì gbé pàdé àwo náà. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́kọ́ rí kòtò, ibẹ̀ sì ni ojú ìjórin tí ó di fáànù náà mú wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni etí bíléèdì tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, àti ara àpótí tí ó yí fáànù ká. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́: ẹ̀yìn ìtẹ̀ náà ni ó ń lu.

Hóró eruku tí kò tó máíkírọ́ọ̀nù 5, ìyẹn ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bá afẹ́fẹ́ yí, kì í sì í pa fáànù lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n irú eruku kíkúnná yìí gan-an ni ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ fi ìlà sí abẹ́ èyí: fáànù tí ara rẹ̀ dá kì í ṣe ẹ̀rí pé ara àwọn òṣìṣẹ́ dá.

Ìtàn kan láti ilé ìlọ oúnjẹ adìyẹ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé kan tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ. Fáànù kékeré ni ó ń fa oúnjẹ lílọ̀ jáde kúrò nínú ẹ̀rọ lọ sínú àpò. Bàbá tí ó ni ẹ̀rọ ní oṣù díẹ̀ díẹ̀ ni òun ń pe wẹ́dà wá dí ihò lára páìpù. Mo ní, "Ẹ̀yin Bàbá, yanrìn ni ó ń jẹ ẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, àgbàdo ni mo ń lọ̀, èmi ò lọ òkúta." A bu àgbàdo díẹ̀ sínú abọ́, a fi omi ṣàn án. Nígbà tí a da omi náà sí abọ́ mìíràn tí ó sì silẹ̀, yanrìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a lè fi ìka kó. Ojú títì ni wọ́n ti sá àgbàdo náà sóòrùn.

Ìyẹn kọ́ ni ó bà mí lẹ́rù. Wẹ́dà ti fi irin nípọn kan jó ara bíléèdì kan tí ó ti tín-ín-rín, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n débi pé bóòtù ìdí rẹ̀ ti ń tú. Bàbá ní láti ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe ni ó ti ń "pariwo díẹ̀". Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa á. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n tẹ̀ mí láago pé nígbà tí àwọn tún tàn án dánwò, bíléèdì náà já, ó sì gba ara páìpù jáde. Ọpẹ́ ni pé ọmọ tí ó máa ń di àpò níbẹ̀ ti lọ jẹun.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ìdí rẹ̀ hàn. Kí a padà sí fáànù mítà 2 wa. Bí gíráàmù 100 péré bá sọnù lára bíléèdì kan, ní ibi tí ó jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà 90, agbára tí yóò máa fa ṣáàfù sí ẹ̀gbẹ́ kan ó tó ìwúwo kìlógíráàmù 100. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì nìyẹn, tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáàfù, tí ó ń yí ká ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Béárìnì wo ni yóò pẹ́ lábẹ́ rẹ̀?

Ọ̀nà ààbò

Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí eruku má dé ọ̀dọ̀ fáànù rárá. Bí àyè bá wà, ẹ̀yìn asẹ́ ni kí a gbé fáànù sí, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Asẹ́ náà lè jẹ́ àpò aṣọ ńláńlá tí ó ń gba eruku dúró, tàbí èyí tí ń lo iná mànàmáná láti fa eruku mọ́ àwo irin. Níbi tí ooru tàbí owó kò bá gba ìwọ̀nyí, a lè lo sáíkílóònù, àpótí irin rìbìtì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ṣó bí àrọ, tí afẹ́fẹ́ ń yí po nínú rẹ̀ tí eruku ńlá sì ń jábọ́ sí ìsàlẹ̀. Sáíkílóònù kì í mú eruku kíkúnná púpọ̀, kò sì tó fún ààbò ènìyàn, ṣùgbọ́n eruku ńlá tí ó ń mú ni ọ̀tá fáànù. Fún Bàbá ẹlẹ́rọ wa, asẹ́ ọwọ́ kan kí àgbàdo tó wọ ẹ̀rọ ti tó. Bí àpò asẹ́ kan bá sì ya nínú ilé-iṣẹ́ tí wọn kò tètè pààrọ̀ rẹ̀, fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Lẹ́yìn èyí ni eré. Fáànù ńlá tí ń yí jẹ́jẹ́ lè fa ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà bí èyí kékeré tí ń sáré, yóò sì pẹ́ jù ú lọ, bí ó tilẹ̀ wọ́n ní rírà. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ, àwọn kan a máa ti ilẹ̀kùn irin tí ó wà lẹ́nu páìpù ní ìdajì, fáànù sì ń bá eré rẹ̀ lọ. Ó sàn kí a dín eré mọ́tò fúnra rẹ̀ kù. Bí eré bá wá sí 80 nínú 100, afẹ́fẹ́ yóò wá sí 80, agbára iná tí ó ń jẹ yóò wá sí nǹkan bí 51, jíjẹ irin náà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Owó iná nìkan lè san owó ẹ̀rọ tí a fi ń dín eré náà kù.

Irú bíléèdì náà ní ipa. Àwọn kan ní ikùn ṣófo, a ṣe wọ́n bí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, wọn kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Wọ́n dára fún afẹ́fẹ́ mímọ́. Ṣùgbọ́n bí eruku bá dá ihò kan sí wọn lára, á wọ inú lọ, á kó jọ síbẹ̀, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Fún afẹ́fẹ́ eléruku, bíléèdì pẹrẹsẹ tí ó nípọn, tí ó rọrùn láti bò, ni ó tọ́.

Ìbora ni ó kẹ́yìn. Òun ni oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí òun ni ó ní tà. Oríṣiríṣi ni ó wà. A lè jó irin tí ó ní kúrómíọ̀mù líle nínú sórí bíléèdì. A lè fi bóòtù de àwo irin tí a lè pààrọ̀ mọ́ ibi tí ó ń jẹ jù. A lè lẹ òkúta alúmínà, tí ó sún mọ́ 9 lórí òṣùwọ̀n Mohs, mọ́ ara àpótí àti páìpù ní ibi tí eruku ń gbà ní ìdagẹ̀rẹ̀. Rọ́bà dára níbi tí kò gbóná. Ìṣòro wọn ni ìwúwo: gbogbo ohun tí a fi kún bíléèdì ni ṣáàfù àti béárìnì yóò gbé, fáànù tí a ṣe fún ìwúwo kan kò sì lè gba èyíkéyìí tí ó wù wá. Ìbora kúrómíọ̀mù tún máa ń ní ìlà sísán wẹ́wẹ́ láti ìgbà tí a ti jó o. Kò burú fún ìbora, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi í ṣe bíléèdì tí yóò gbé ẹrù. Ẹni tí ó ṣe fáànù ni kí a bi kí a tó fi ohunkóhun kún un.

Àyẹ̀wò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí a máa wọn gbígbọ̀n, kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a máa wọn ìnípọn irin ní ojú kan náà nígbà gbogbo. Kí a máa nu eruku ọ̀rinrin tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bíléèdì, nítorí pé òun náà ń ba ìdọ́gba jẹ́. Kò sí àtúnṣe bíléèdì kan ṣoṣo. Bí a bá fi nǹkan kún ọ̀kan, a ó wọn ọn, a ó fi irú rẹ̀ kún èyí tí ó kọjú sí i, a ó sì tún wo ìdọ́gba gbogbo fáànù náà kí a tó tàn án.

Ní kíláàsì

Kò sí ohun olówó ńlá tí olùkọ́ nílò. Kí ó yí kẹ̀kẹ́ ológeere dojú dé, kí ó so nọ́ọ̀tì kan mọ́ wáyà ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì tì í díẹ̀: ibi tí nọ́ọ̀tì wà ni yóò máa padà sí ìsàlẹ̀. Kí ó wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ kan férémù nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá ń yí kíákíá, kí ó gbọ́ bí ó ti ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà kí wọ́n so nọ́ọ̀tì kejì sí ọ̀kánkán àkọ́kọ́, kí wọ́n sì tún un gbọ́.

Fún igun eruku, páànù kan, ògbólógbòó ìgò àti pépà ìhọgi ti tó láti fi hàn pé irin rírọ̀ ń gba họ. Bí yàrá iṣẹ́ igi ilé-ẹ̀kọ́ bá sì ní fáànù tí ń fa ìdọ̀tí pákó, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Kí a pa iná rẹ̀ láti orísun, kí a ti í ní kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wọlé. Kí a kun bíléèdì ní ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a tún pa á, kí a ṣí i. Ibi tí ọ̀dà ti kọ́kọ́ lọ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò yà sí ìwé rẹ̀, kí ó tó sọ ohun tí yóò fi bò ó.